Epo gbígbóná dà sí ọmọ mi lọ́wọ́, kí ni kí n fi pa á?

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti kìlọ̀ fún àbúrò ọkọ mi pé kó yé gbé sítóòfù kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ tó bá ń dín àkàrà? Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ọkọ mi ò bá a wí. Mo ń ti ọjà Ìgbọ̀nà bọ̀ ni mo gbọ́ igbe: Kẹ́hìndé ti fa agbada. Títí di ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tó ní kí n pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kò ní jẹ́ kó dápàá?

Alákàrà Òkè-Fìà: Pẹ̀lẹ́ o. Epo ti ta sí èmi náà lára níye ìgbà. Ẹyin tútù ni mo máa ń fi pa á, ẹ wo ọwọ́ mi, ó ń dán.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Màmá, ẹ má bínú, ẹyin tútù lè kó kòkòrò sínú egbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ ìfọyín, epo pupa àti omi ògì. Ìyá Ìbejì, ọmọ ọdún mélòó? Nígbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó lé ròrò? Kí lẹ ti fi sí i?

Bàbá Káfíntà: Ta ló ní kó fi ọmọ sílẹ̀ lọ ọjà?

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ra ẹ̀fọ́ wá? Ọmọ ọdún 3 ni. Àná ni. Kí n tó dé, wọ́n ti fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Omi tútù tó ń ṣàn ló yẹ kẹ́ ẹ fi sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe omi dídì. Láàárín wákàtí 3 àkọ́kọ́ ló wúlò.

Ọmọ Ọjà Ọba: Omi wo ló ń ṣàn ládùúgbò wa? Kàǹga la ń fà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ fi kọ́ọ̀pù bù ú, kẹ́ ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ má bẹ́ ìléròrò yẹn. Aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó, kì í ṣe òwú. Ọwọ́ ọmọdé ni, ọsibítù ló kàn.

Ìyá Ìbejì: Ó ti ń rọlẹ̀ mà, lálẹ́ àná ló ń ké. Láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ kan ọmọ ìka rẹ̀, kò tiẹ̀ mira. Wọ́n kàn tutù, wọ́n ń dúdú díẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mi ò rí bọ́, ọwọ́ ti wú bò ó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ?!! Kò rọlẹ̀ o, ẹ̀jẹ̀ ò dé ìka mọ́ ni! Ẹ mú sísọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ gé okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn nísinsìnyí, kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì: Ìyá ọkọ mi ló fi sí i, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò lára ìbejì.

Alákàrà Òkè-Fìà: Ìlẹ̀kẹ̀ ṣeé rà lọ́jà. Gé e!

Ìyá Ìbejì: Mo ti gé e. Ojú okùn náà jìn wọnú ẹran. Bàbá wọn ti dá ọkọ̀ dúró, ọsibítù Asúbíaró là ń lọ. Àbúrò ọkọ mi ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀, kò tíì sọ pẹ̀lẹ́.