Èsì: "oríkèé irin" kò lè jẹ́ orúkọ fún gbogbo ojú ìso

Ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀-ẹ̀rọ dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí á máa pe ibi tí irin ìdábùú ti pàdé òpó nínú ilé onírin ní "oríkèé irin". Ọ̀pọ̀ ti kan sáárá sí i pé Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ó dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yíya àwòrán ojú ìso irin, ìyẹn irú ibi tí irin ti pàdé irin bẹ́ẹ̀, ni mo fi ń jẹun, n kò sì lè fọwọ́ sí i.

Kí ni iṣẹ́ oríkèé? Kí apá lè ká, kó sì tún nà. Oríkèé tí kò bá ká mọ́, àìsàn ló ń ṣe é. Nínú iṣẹ́ wa, irú ojú ìso kan wà tí a fi bóòtì de pẹlẹbẹ àárín ìdábùú nìkan mọ́ òpó. Ó ń gba ẹrù, ó sì ń gbà kí orí ìdábùú yí díẹ̀ bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ pe ìyẹn ní oríkèé, n kò ní bá yín jà. Irú kejì ni èyí tí a jó etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ìdábùú mọ́ òpó, tí a kò fẹ́ kó yí, torí òun ló ń mú ilé dúró bí ìjì bá ń fẹ́ tàbí tí ilẹ̀ bá mì. Ṣé oríkèé ni ìyẹn náà? Ọmọ iṣẹ́ tó bá kà á bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé kò burú bó bá ń yí.

Ẹ rántí Northridge, ní Los Angeles, níbi tí ilẹ̀ ti mì ní 17 oṣù kìíní ọdún 1994. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí i pé irú ojú ìso kejì yìí ti sán nínú ọ̀pọ̀ ilé onírin, níbi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin gan-an. Ọ̀kan lára àtúnṣe tó tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n gé etí ìdábùú wọlé díẹ̀ níwájú òpó, kó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni irin yóò ti tẹ̀, kí ojú ìjó má baà sán. Wọ́n kó títẹ̀ kúrò lójú ìso, wọ́n gbé e sínú ìdábùú fúnra rẹ̀. Oríkèé wá dà níbẹ̀?

Àwọn mìíràn ní kí á padà sí "ìsopọ̀" tí gbogbo ayé mọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, nítorí "pọ̀" yẹn. "Pọ̀" ń sọ pé nǹkan méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sọ èyí tó ń ru èkejì. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: àwọn ejò tó bá rìn pọ̀, kò sí èyí tó pọn èkejì. Tọkọtaya ni à ń so pọ̀. "Mọ́" yàtọ̀. Ọmọ dì mọ́ ìyá, àfòmọ́ lẹ̀ mọ́ igi. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ibi tí ẹrù wà kí o tó parí gbólóhùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní 17 oṣù keje ọdún 1981, afárá méjì tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lórí wọn já lulẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ìtura Hyatt Regency ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà, níbi tí èrò pé sí fún ijó. Ènìyàn 114 kú, àwọn tó fara pa lé ní 200. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá irin kan náà ló sọ̀kalẹ̀ láti òrùlé, tí afárá àjà kẹrin àti ti àjà kejì tó wà lábẹ́ rẹ̀ jọ rọ̀ mọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí túmọ̀ sí pé wọn yóò fín ọ̀nà nọ́ọ̀tì sára ọ̀pá láti ìsàlẹ̀ títí dé afárá òkè. Ni wọ́n bá sọ ọ̀pá náà di méjì: ọ̀kan láti òrùlé dé afárá òkè, èkejì láti afárá òkè dé ti ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀tì abẹ́ afárá òkè wá ń ru ẹrù afárá méjì. Àwọn ẹnjiníà fọwọ́ sí àwòrán yìí láìṣírò ojú ìso náà. Irin méjì ni wọ́n jó pọ̀ di àpótí tí nọ́ọ̀tì ń gbé, ojú ìjó gan-an ni wọ́n sì lu ihò sí. Nọ́ọ̀tì fà á ya, ó kọjá. Àwòrán àkọ́kọ́ pàápàá kò tó ohun tí òfin ìlú béèrè.

Nínú àwòrán méjèèjì, ẹ lè sọ pé wọ́n "so afárá méjì pọ̀", kò ní jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹni tó ya ìkejì fi "mọ́" sọ ọ́: "mo so afárá ìsàlẹ̀ mọ́ ti òkè." Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á bi í léèrè lójú ẹsẹ̀ bóyá ti òkè lè ru ú.

Nítorí náà, ìsomọ́ ni mo fara mọ́, kí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ máa jẹ́ ojú ìsomọ́. Ìdèmọ́ bó bá jẹ́ bóòtì, ìjómọ́ bó bá jẹ́ iná. Ẹ fi ìsopọ̀ sílẹ̀ fún ibi tí irin méjì tó jọra ti forí kanrí. Ẹni tó ní "àsomọ́" ti di ti lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, "ìsomọ́" ni mo wí: à- kì í ṣe ì-. Ẹ sì dákun, àmì òkè lórí "mọ́". Nínú ìwé ilé kíkọ́ tí "mọ ògiri" lè wà lójú ewé kan náà, a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ láìsí àmì.

Àwọn kan ní ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ èdè dé yunifásítì kò yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa. Baba tó kọ́ mi ní jíjó irin kò mọ̀wé, àmọ́ n kò gbọ́ ọ rí kó ní "so ó pọ̀" bí a bá ń gbé ìdábùú kọ́ ara òpó. "Jó o mọ́ ọn" ni. Irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ń dínkù, a kò sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀.

Ẹni tó pe bóòtì ní "ìdábùú", ẹ jọ̀wọ́. Ìdábùú ń dá nǹkan bùú, kì í wọ inú ihò. Ihò sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ bóòtì: bóòtì 20 mm, ihò 22 mm. Bí ihò irin méjì kò bá ṣe déédéé lókè, àwọn kan á fi iná gáàsì fẹ̀ ẹ́, bóòtì ò sì ní rí ibi tí yóò fara tì dáadáa mọ́. Bóyá "bóòtì" ni tàbí "bóòtù", ẹ máa bá ìjà yín lọ. Bàtà ni bóòtù létí tèmi.

Ibì kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ìdábùú méjì pàdé lára òpó kan, ọ̀tún àti òsì, bóòtì kan náà ló sì gún àwọn méjèèjì já. Bí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì láti fi ìkejì sí i, ìkíní lè já. Òfin ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìkíní gbọ́dọ̀ ṣì dè mọ́ òpó ní gbogbo àkókò náà. Olúkúlùkù so mọ́ òpó, síbẹ̀ wọ́n tún so pọ̀ mọ́ ara wọn. Kí ni kí á pe ìyẹn? Ẹ kọ èsì yín pẹ̀lú àmì ohùn.