“Lọ́” ti wà nílẹ̀: èsì sí “ìsopọ̀-igi”

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àgbádárìgì.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ìkòròdú ló dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé iṣẹ́ tí à ń ṣe tí ẹ̀ka igi kan fi ń wọ ara igi mìíràn, tí méjèèjì á sì di ẹyọ kan, kí á máa pè é ní “ìsopọ̀-igi”. Wọ́n ní àwọn baba wa kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò lè ní orúkọ lédè wa. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ sí èyí. Ọmọ igi ni mò ń gbìn tà, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun.

Ó lórúkọ. “Lọ́” ni. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí ìwé Róòmù orí 11, ẹ ó bá a níbẹ̀: ẹ̀ka igi òróró inú igbó ni wọ́n lọ́ sára igi òróró tí a gbìn. Àjàyí Crowther, aṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, gbé ìlú wa yìí. Ọdún 1845 ló gúnlẹ̀ síbí kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta, orí mi sì máa ń wú bí mo bá rántí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì há sínú ìwé. Ẹni tó bá wá ra ọmọ ọsàn lọ́wọ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, “Ṣé lílọ́ ni àbí ti kóró?” Owó ló wà nídìí ìbéèrè yẹn. Ọsàn tó hù láti inú kóró lè gba ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Èyí tí a lọ́ lè so láàárín ọdún 3 sí 4, èso rẹ̀ á sì rí bíi ti igi tí a ti gé e wá gẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè rí ìdí tí mi ò fi gba “ìsopọ̀”. Mo máa la èèpo ọmọ lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo ṣákiṣàki tó ti nípọn tó pẹ́ńsù. Mo máa yọ ojú kan, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ, lára ẹ̀ka ọsàn Agége (irú ọsàn dídùn kan), mo máa tì í bọ abẹ́ èèpo yẹn kí ara tútù méjèèjì lè kan ara wọn, mo máa wá fi ọ̀rá wé e. Tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, mo máa tú ọ̀rá náà dànù. Ohun tí a so ni à ń tú. Bó bá jẹ́ ìsopọ̀ ni, ọjọ́ tí mo tú ọ̀rá ni iṣẹ́ bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa ń mọ̀ pé ó ti mú. “Igi” tó wà nídìí rẹ̀ náà ò bá mi lára mu. Tòmátì kì í ṣe igi, àwọn àgbẹ̀ kan sì ń lọ́ ọ sórí ìdí ìgbá (ìkàn), nítorí àrùn inú ilẹ̀ tó ń mú tòmátì rọ lójijì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìdí ìgbá gbé ṣe.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ múlẹ̀. “Lọ́” yìí kan náà ni ìyá mi máa ń lò bí wọ́n bá tu ọmọ ata kúrò ní nọ́sìrì lọ sórí ebè: “Mo ti lọ́ ata mi.” Ìtumọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan láti Àjárá gbé ọmọ àgbọn 20 wá hàn mí. Lẹ́bàá títì ló ti rà wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ san ìlọ́po méjì owó, torí wọ́n sọ fún un pé “àgbọn lílọ́” ni, kò ní pẹ́ so. Ó dùn mí wọra. Àgbọn kò ṣeé lọ́ sára àgbọn! Òun àti ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ara tútù abẹ́ èèpo tó ń mú kí igi méjì jẹ́ ara wọn. Nọ́sìrì ni wọ́n ti tu ọmọ àgbọn yẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó tà á sì lè búra pé òun kò parọ́. Irú àgbọn ló ń pinnu bó ṣe máa tètè so: àgbọn kúkúrú lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 3 sí 4, àgbọn gíga á tó ọdún 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà àfikún ni mo mú wá, n kò mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Láti nọ́sìrì sí oko, kí á sọ pé a “lọ́ ọ sóko”. Láti ara igi sí ara igi, pé a “lọ́ ọ sára”. Ìlọ́sóko, ìlọ́sára. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo la yọ, “ojú lílọ́” tó. Isu lójú, ìrèké lójú, ẹ̀gẹ́ lójú, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Àbúrò wa obìnrin tó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́ ní kí ẹ̀ka tí a lọ́ máa jẹ́ “àlọ́”. Ó ṣẹ̀dá rẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ àlọ́ ti ní ilé tirẹ̀. Ọmọdé tó bá gbọ́ “àlọ́ ọsàn”, “àlọ̀” ló máa fi dáhùn. Nínú ọgbà mi, ìdí là ń pe igi tó wà nísàlẹ̀, orí là ń pe ohun tí a lọ́ sára rẹ̀: ìdí lẹ́mọ́ọ̀nù, orí ọsàn. Bí ẹ̀ka bá ń yọ nísàlẹ̀ ibi tí a ti lọ́ ọ, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á ké pé ìdí fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ orí, wọ́n á sì tètè gé e, nítorí bí a bá fi í sílẹ̀, èso kíkan ni olóko máa ká.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Ègùn, kí ni ẹ ń pe iṣẹ́ yìí? Mo fẹ́ mọ̀. Pátákó ẹnu ọgbà mi, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ tún un kọ: “ọsàn ìlọ́sára”, “ata ìlọ́sóko”. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù lọ, kó tètè fi ránṣẹ́ kí n tó ra ọ̀dà.