Arínúróde kọ́: lórí orúkọ ẹ̀rọ tó so ọpọlọ mọ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará Òkun, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa láti Mọ̀pà ní kí a máa pe ẹ̀rọ tó so ọpọlọ ènìyàn mọ́ kọ̀ǹpútà ní "ẹ̀rọ arínúróde", àwọn kan sì ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ ọn. Oríkì Ọlọ́run ni Arínúróde láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dùn mí. "Rí" tó wà nínú rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ẹ̀rọ yìí kò rí inú ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Fìlà ni a ó dé fún ènìyàn, irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ wà lára rẹ̀, a ó sì fi jẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè kan awọ orí. Iná tó ń ti ọpọlọ jáde débẹ̀, ìyẹn àmì ọpọlọ, kò ju nǹkan bí microvolt 10 sí 100 lọ. Microvolt 50 jẹ́ ìdá kan nínú 30,000 bátìrì volt 1.5 tí a ń fi sí rìmóòtù. Bí ènìyàn bá ṣẹ́jú péré, ìyẹn á bo àmì náà mọ́lẹ̀. Wáyà iná NẸ́PÀ tó gba inú ògiri kọjá náà ń dà á rú ní hertz 50, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irun wa tó ki, tó ká mọ́ra, tún ń gbé irin kúrò lára awọ. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá di irun náà ní kọ́lẹ́sẹ̀, tí ojú ìlà bọ́ sí ibi tí irin máa jókòó, irin á kan awọ dáadáa. Awọ orí ni gbogbo ìjàkadì yìí wà. Inú dà níbẹ̀?

Ti pé ènìyàn lè fi ẹ̀rọ yìí kọ̀wé wá ńkọ́? Ní 1988, àwọn olùwádìí méjì, Farwell àti Donchin, to lẹ́tà sínú àpótí 36, mẹ́fà lóròó, mẹ́fà níbùú. Ìlà 12 náà á máa tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà tí lẹ́tà tí ènìyàn tẹjú mọ́ wà bá tàn, ìgbì ọpọlọ rẹ̀ á ga díẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí iná mìíràn tó ń dà á rú pọ̀ ju àmì lọ. A ó tún un ṣe léraléra, a ó ro àwọn ìgbì náà pọ̀, a ó sì pín in dọ́gba. Bí ẹni náà bá gbójú kúrò, tàbí tí kò ka títàn náà sí, ẹ̀rọ kò ní lè mọ lẹ́tà tó fẹ́. Ohun tí ènìyàn bá fi sílẹ̀ fún un ló ń gbà.

"Gbà" ni, ẹ̀gbọ́n! Àwọn àgbà tó sọ agbòjò lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: a-gba-òjò. Wọn kò pè é ní arójò. Ohun tí mo fi lélẹ̀ ni "agbàmì ọpọlọ": a-gba-àmì. Ẹni tó sọ pé Neuralink, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, ti fi irin wọnú agbárí ènìyàn ní 2024, nítorí náà ó rí inú, ó ṣi "inú" lò. Irin 1,024 yẹn ń gba iná láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí wọn. Inú tí a fi ń ronú kọ́ nìyẹn.

Arákùnrin wa láti Bùnú ní àwọn ènìyàn á kà á sí "agbami". Bí a bá fi àmì ohùn sí i, ta ló máa ṣì í kà? Wọ́n fèsì pé àmì ohùn ń jẹ àkókò lórí irú ẹ̀rọ yìí. Òótọ́ ni. Bí ìlà 12 bá tàn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 180 nìyẹn. Bí mẹ́jọ bá ń tàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá 22.5 ni fún yíyàn kan. A, gb, a, m, i jẹ́ márùn-ún, àmì ìsàlẹ̀ méjì sọ ọ́ di méje: ó lé ní ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ, tí kò lè fọhùn, ẹ ha fẹ́ gba ohùn èdè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú? Lẹ́tà wa jẹ́ 25. Bí fáwẹ̀lì olóhùn bá ní àpótí tirẹ̀, 14 ni wọ́n, àròpọ̀ di 39, kò sì wọ inú 36. Bí àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ bá ní àpótí kọ̀ọ̀kan, 27 péré ni, àyè ṣì kù.

Ní ti "ìkòríta" tí àǹtí wa láti Ìyàrà fẹ́ ká fi ṣáájú nínú orúkọ ẹ̀rọ yìí, ọ̀nà tó ń pàdé ló ń jẹ́ ìkòríta. Ọ̀nà kan ni mo rí nídìí fìlà yìí, láti ọpọlọ wá. Wọ́n ní ojú tó ń wo títàn ni ọ̀nà kejì. Ìyẹn ṣì ń rò mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí a ó pe ìkòríta ní tí irin bá ti wà lábẹ́ agbárí.