Aláìnílé àbí aláìníbùgbé? Lórí ìwé ìléwọ́ tí a ń túmọ̀ fún àwọn ará wa ní London

Ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀, mo kí yín o.

Mo ti ka ìmọ̀ràn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí ìwé ìléwọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù London fẹ́ kí a túmọ̀, èyí tí ó ń ṣàlàyé ìrànlọ́wọ́ tí ó wà fún àwọn tí kò níbi tí wọn ń gbé, títí wọn yóò fi rí ilé tí wọn lè fìdí kalẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó kọ́kọ́ dáhùn dábàá aláìnílé fún homeless àti ilé ayérayé fún permanent housing. Ẹlòmíràn ní asùnta ni kí a lò ní ipò aláìnílé, nítorí pé ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí aláìnílé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Onílé ní èdè wa ni ẹni tí ó kọ́lé tàbí tí ó jogún rẹ̀, tí àwọn ayálégbé ń sanwó fún. Ẹni tí ó ti ń san owó ilé fún ogún ọdún, tí kò sì jẹ gbèsè rí, ṣì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run sọ òun náà di onílé. Bí a bá wá sọ pé aláìnílé ni òdìkejì onílé, a ti kó gbogbo ayálégbé pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bákan náà, ilé ni ìran. Nígbà tí a bá bi ọmọ kan pé, “Ọmọ ilé wo ni ọ́?”, a kò béèrè ibi tí ó sùn lánàá lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí a bá pè ní aláìnílé lè gbọ́ ọ bí ìgbà tí a sọ pé kò ní orírun.

Ojú mi ló ṣe. Ní ìgbà òtútù kan, mo ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá kan ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ irú èyí. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ béèrè ìbéèrè rẹ̀, èmi náà sì túmọ̀ rẹ̀ pé, “Ṣé aláìnílé ni yín, mà?” Ìyá náà dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, “Ká má rí i! Ilé bàbá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.” Bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́rin ni ó ti fi ń sùn ní ilẹ̀ pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Peckham. Òṣìṣẹ́ náà ti fẹ́ kọ “rárá” sínú fọ́ọ̀mù kí n tó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró. Mo tún ìbéèrè náà gbé kalẹ̀ pé, “Ṣé ẹ ní ibùgbé kan tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ní ìlú yìí?” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, “N kò ní.”

Ohun tí òfin ilẹ̀ England sì ń béèrè gan-an nìyẹn. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 1996 kò sọ pé àfi kí ènìyàn máa sùn ní títì. Ẹni tí kò ní ibi tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ní ilé ṣùgbọ́n tí kò lè padà síbẹ̀ nítorí ìwà ipá. Òfin ọdún 2017 tí ó ṣe àtúnṣe sí i, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, tilẹ̀ ní kí ìjọba ìbílẹ̀ dìde ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ó bá ku ọjọ́ 56 tí ó ṣeé ṣe kí ibùgbé bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ rí i pé asùnta kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ka asùnta, yóò wo òrùlé tí ó wà lórí rẹ̀, yóò sì ju ìwé náà sílẹ̀. Kí a fi asùnta sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń sùn níta ní ti gidi, nítorí pé wọ́n ní ìkànìyàn tiwọn ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́dọọdún, ará ìlú tí ó bá sì rí wọn lè fi tó StreetLink, iṣẹ́ tí ó ń so wọn pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́, létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Aláìníbùgbé ni mo fara mọ́. Àwọn ará Finland náà ṣe bẹ́ẹ̀: asunto ni ibùgbé lọ́dọ̀ wọn, asunnoton sì ni ẹni tí kò ní in. Ọ̀rọ̀ náà kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìdílé ẹnikẹ́ni.

Ní ti ilé ayérayé, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó jáde. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá mọ̀ pé ọ̀run ni ilé ayérayé. Báwo ni a ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tí òtútù ti mú dé eegun pé a fẹ́ ràn án lọ́wọ́ láti tètè dé ilé ayérayé? Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe òótọ́. Lábẹ́ òfin kan náà, ilé tí ó bá yẹ ẹni náà, tí ìrètí sì wà pé yóò lè gbé ibẹ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán, lè tó láti parí apá kan nínú ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀. Ibùgbé àfìdíkalẹ̀ ni mo dábàá, kí ibi tí ènìyàn kàn wọ̀ sí fún ìgbà díẹ̀ sì máa jẹ́ ibùwọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbígbé àti wíwọ̀ ti wà nínú èdè wa tipẹ́, a kò nílò láti ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ó ku Housing First, orúkọ ètò kan fún àwọn tí kò níbùgbé, tí ẹnì kan túmọ̀ sí Ilé Ni Àkọ́kọ́. Ìtumọ̀ yẹn dún bí ẹni ń sọ pé ilé ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ, bẹ́ẹ̀ ètò ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ń sọ. Láyé àtijọ́, wọn a ní kí ẹni tí ó wà níta kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí, kí ó gba ìtọ́jú ọpọlọ, kí ó ti ibùwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n tó kà á yẹ fún ilé. Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti Pathways to Housing, àjọ tí ó dá sílẹ̀ ní New York, yí i padà ní ọdún 1992: wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ná, ìtọ́jú sì tẹ̀lé e, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti fẹ́ ẹ sí. Finland sọ ọ́ di ètò ìjọba ní ọdún 2008, wọ́n sì sọ àwọn ibùwọ̀ ńláńlá di fúláàtì tí olúkúlùkù fi orúkọ ara rẹ̀ buwọ́ lù ìwé àdéhùn rẹ̀. Ayálégbé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó ń san owó ilé. Nítorí náà, Ibùgbé Ṣáájú ni mo fẹ́, kí a má sì kọ “a ó fún yín nílé” níbikíbi nínú ìwé náà bí ẹni ń ṣe sàráà. “A ó bá yín wá ibùgbé” ló tọ́.

Èyí tí n kò tíì yanjú ni orúkọ òṣìṣẹ́ tí yóò máa yọjú sí ẹni náà lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé, tí yóò bá a kọ lẹ́tà, tí yóò sì mú un lọ rí dókítà. Alábòójútó dún bí ọ̀gá, olùtọ́jú sì dún bí nọ́ọ̀sì. Alábàárìn ni mo ń lò ní báyìí. Bí ẹ bá ní èyí tí ó sàn jù ú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé.