Mo gbalé sí Yoshida, láàbù mi wà ní Uji

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Kyoto): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o! Mo gbalé lẹ́bàá Yoshida, ọgbà àgbà Yunifásítì Kyoto, mo ti san reikin (owó ọpẹ́ fún onílé), mo ti san shikikin (owó ìdógò ilé), kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ yìí ni sensei mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà, kọ̀wé pé Uji, ọgbà mìíràn tó jìnnà sí Yoshida, ni láàbù wa wà. Ṣé wọ́n á dá owó mi padà? Ìwé mi tún ní kenkyusei (akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí) ni mí. Ṣé mo ti wọlé másítà nìyẹn?

Ìyá Ìbejì (Osaka): Àbúrò, fara balẹ̀, mu omi. Yunifásítì kan náà ni. Daigakuin, ẹ̀ka másítà àti dókítà, ló máa gbà ọ́ wọlé tí yóò fún ọ níwèé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kenkyujo, ilé ìwádìí, ni sensei rẹ wà. Kagaku Kenkyujo, ilé ìwádìí kẹ́mísírì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, Uji ló wà. Kenkyusei kò tíì wọlé o! Ìdánwò ṣì ń bẹ níwájú. Èmi rò pé mo ti wọlé, mo pe ilé, wọ́n se ìrẹsì pe àdúgbò. Ìgbà tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Bọ̀dá Kashiwa (Tokyo): Mo gbọ́ Yunifásítì Tokyo, mo sáré gbalé sí Hongo, níbi ọgbà àgbà rẹ̀, lẹ́bàá Akamon, ẹnu ọ̀nà pupa yẹn. Ọgbà Kashiwa ni láàbù mi, ní ìpínlẹ̀ Chiba! Odidi ọdún kan ni mo fi wọ reluwé lọ, wọ reluwé bọ̀. Reikin kì í padà, àbúrò. Ti onílé ni.

Ọmọ Ìbàdàn (Kyoto): Ta ló ní ó ṣàṣìṣe? Wọ reluwé Keihan ní Demachiyanagi, sọ̀ ní Chushojima, wọ èyí tó ń lọ Uji, sọ̀ ní Obaku. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Láago mọ́kànlá alẹ́, nínú òtútù oṣù kìíní? Àṣìṣe ni jàre. Kéèyàn tó sanwó, kó kọ́kọ́ bi sensei pé ọgbà wo.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ má bínú mà. Ṣùgbọ́n Yoshida lèrò wà, níbi igi kusunoki iwájú aago ńlá yẹn.

Bọ̀dá Kashiwa: Igi kan ṣoṣo! Ẹ wá wo àwọn igi ginkgo wa ní Hongo. 1877 ni wọ́n dá tiwa sílẹ̀, tiyín di 1897. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n yín!

Ọmọ Ìbàdàn: Yukawa, onímọ̀ físíìsì tó kọ́kọ́ gba Nobel fún Jàpáànì, ní 1949, níbo ló ti kàwé? Kyoto!

Ìyá Ìbejì: Iṣẹ́ tó gbé Nobel wá, 1935 ló gbé e jáde, Osaka ló sì ti ń kọ́ni nígbà náà. Ẹ fi tiwa sílẹ̀ fún wa.

Bọ̀dá Kashiwa: Ìyá Ìbejì ti pa wá lẹ́nu mọ́. Èso ginkgo yìí náà, tó bá já sílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fọ́, àwọn ará Jàpáànì á dimú. Èmi á rọra dúró. Ọjọ́ tí màámi bá ń sẹ́ fùfú ló máa ń rán mi létí.

Ìyá Ìbejì: Kí lo wá dárúkọ fùfú sí? Ìyẹ̀fun fùfú inú ọ̀rá tí à ń rà níbí kò kan rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Gaàrí Ìjẹ̀bú wà nínú àpótí mi, ó kan dáadáa. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ilé mi ńkọ́?

Ọmọ Ìbàdàn: Gbé e bọ̀ ní Sátidé, ká jọ yanjú ọ̀rọ̀ ilé. Kúlíkúlí ń bẹ lọ́dọ̀ mi.