Ojú àkọ́kọ́ tí mo fi rí àwòrán The Witcher 3 lórí kọ̀ǹpútà, àti ohun tí kò yé mi nípa rẹ̀

Ọmọ Ẹ̀wí:

Mo kí gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí géèmù jù mí lọ. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí wọ́n ti lò rí. GTX 1650 oní-4 GB ni káàdì àwòrán inú rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, sì jẹ́ 8 GB. Géèmù àkọ́kọ́ tí mo fi sí i ni The Witcher 3, tí ilé iṣẹ́ CD Projekt Red ti ilẹ̀ Póláńdì gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nínú èyí tí ènìyàn ti ń gbé àwọ̀ Geralt wọ̀, ọdẹ tí àwọn ará abúlé ń sanwó fún kí ó lè bá wọn pa àwọn abàmì ẹ̀dá inú igbó àti inú odò.

Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo dé abúlé White Orchard, ńṣe ni mo dúró sójú kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìbá ẹnikẹ́ni jà, tí mo kàn ń wo bí atẹ́gùn ṣe ń tẹ orí igi síhìn-ín sọ́hùn-ún, àti bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣe ń gba àárín ewé bọ́ sórí koríko. Ó rán mi létí ọ̀nà Ìkọ́gòsì nígbà ọyẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti pọ́n tán tí kùrukùru sì bo ìdí àwọn òkè. Àpá ojú Geralt, ìrán ẹ̀wù rẹ̀, omi tó ń dán lórí àpáta lẹ́yìn òjò, gbogbo rẹ̀ ni mo sún mọ́ wò.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Ní ọ̀sán, géèmù náà ń fún mi ní bíi fíréèmù 50 (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra) ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ó bá di alẹ́, lójú ibi kan náà, pẹ̀lú sẹ́tíǹsì kan náà, ó máa ń já wálẹ̀ sí 22, àwòrán náà á sì máa kọsẹ̀ bí ẹni tí okùn dì lẹ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fa gbogbo sẹ́tíǹsì wálẹ̀ pátápátá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ewé igi wá dà bí páálí tí wọ́n gé lẹ́ mọ́ra, ẹwà tí mo torí rẹ̀ fẹ́ràn géèmù náà sì lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n mú, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ Olósùnta:

Àbúrò mi, o kú oríire kọ̀ǹpútà tuntun. Kí a tó sọ̀rọ̀ sẹ́tíǹsì rárá, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan: ní alẹ́ tí o ń sọ yìí, ṣé iná wà ní àdúgbò yín, àbí bátìrì ni o fi ń ṣeré? Bí ó bá jẹ́ bátìrì ni, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Bí a bá ti yọ ṣájà kúrò lára irú kọ̀ǹpútà alágbèéká bẹ́ẹ̀, agbára tí bátìrì lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó ohun tí káàdì àwòrán ń béèrè, nítorí náà ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ yóò dín iṣẹ́ káàdì kù kí bátìrì má baà kú. Kò sí sẹ́tíǹsì kan nínú géèmù tí yóò tún un ṣe. Èmi pàápàá jìyà rẹ̀ fún oṣù méjì ní Ìkẹ́rẹ́ kí n tó mọ̀.

Èkejì, wo irú DirectX tí o ń lò, ìyẹn ètò tí géèmù fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n tún géèmù yìí ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ẹni tó ti rà á, tí wọ́n fi ray tracing sí i, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọpasẹ̀ ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ bí ó ṣe ń lu nǹkan tó sì ń padà. DirectX 12 ni èyí ń bá rìn. Káàdì tìrẹ kò ní ẹ̀yà tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yẹn, DirectX 12 sì wúwo ju 11 lọ nínú géèmù yìí, kódà bí o kò bá tan ray tracing. Yan DirectX 11 kí géèmù tó ṣí.

Lẹ́yìn náà, pa HairWorks. Òun ni ó ń ya irun orí Geralt ní fọ́nrán-fọ́nrán, ó sì máa ń gba fíréèmù lọ́wọ́ ẹni púpọ̀ nígbà tí ìkookò bá yí ọ ká, nítorí pé ó lè ya irun ara tiwọn náà. Ibi tí ojú máa ń rí ewé àti koríko dé lọ́ọ̀ọ́kán náà wúwo, fà á wálẹ̀ sí àárín. Ṣùgbọ́n má ṣe fọwọ́ kan texture, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi bo ojú nǹkan, nítorí pé ààyè inú káàdì ni ó ń gbà, 4 GB tìrẹ sì gbé e dáadáa.

Èyí tí mo fẹ́ kí o di mú ni òjìji, àti òkùnkùn kékeré tó máa ń wà ní igun ilé àti lábẹ́ nǹkan, èyí tí wọ́n pè ní ambient occlusion nínú sẹ́tíǹsì. Ará Ìkẹ́rẹ́ ni mí, nítorí náà jẹ́ kí n fi ohun tiwa ṣàlàyé. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, èyí tó ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, igi lásán ni. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn ara rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ rìn jáde ni pé Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wọn yọ síta gan-an, àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ, tí òjìji orí àti ejìká wọn fi ń ṣubú lé pákó lẹ́yìn wọn. Bí o bá mú òjìji yẹn kúrò, páálí tí o sọ ló kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewé rẹ ní White Orchard nìyẹn nígbà tí o fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀.

Afẹ́fẹ́ Ẹ̀fọ̀n:

Mo gbà pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ bátìrì, mo sì dúpẹ́ fún àpẹẹrẹ Ọlọ́wẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òjìji ni kí a kọ́kọ́ dáàbò bò. Ìlẹ̀kùn kì í rìn; géèmù ń rìn. Bí fíréèmù bá jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dé láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 16.7 (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), bí ó bá jẹ́ 30, 33.3 ni. Ojú lè bá èyíkéyìí nínú méjèèjì mu. Ohun tí ojú kò lè fara mọ́ ni kí ọ̀kan dé ní 20, kí èyí tó tẹ̀ lé e dé ní 45, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìkọsẹ̀ tí Ọmọ Ẹ̀wí ń rí ti ń wá. Fi òté lé e ní 30 nínú sẹ́tíǹsì géèmù náà, kí fíréèmù má lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì rọ̀ ọ́ lójú.

Bí èyí kò bá tó, dín iye pixel, àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, kù kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. 1920 lọ́nà 1080 jẹ́ 2,073,600, nígbà tí 1600 lọ́nà 900 jẹ́ 1,440,000. Káàdì rẹ yóò bọ́ lọ́wọ́ bí ìdámẹ́ta iṣẹ́ náà, ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká kò sì fẹ̀ débi tí ìyàtọ̀ náà yóò fi hàn púpọ̀.

Skyrim, géèmù mìíràn tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ni mo fi kọ́ ohun tí mo mọ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ àpáta rẹ̀, ẹ óò rí i pé ojú rẹ̀ ti dàrú. Síbẹ̀, nígbà tí mo ń gun àtẹ̀gùn 7,000 tí wọ́n ń sọ nínú géèmù náà lọ sí High Hrothgar, ilé kan lórí òkè, tí yìnyín ń fẹ́, tí mo sì bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ọkàn mi sọ fún mi pé òkè ni mo wà lóòótọ́. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí kí ènìyàn wo ìsàlẹ̀ láti orí òkè. Òkèèrè ni ẹwà irú géèmù báyìí wà.

Alátùn-únṣe Ìjerò:

Ẹ má gbàgbé eruku. Nígbà ọyẹ́, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti tún ṣe ni fáànù wọn ti dí pátápátá, ooru sì máa ń mú kí káàdì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù gẹ́gẹ́ bí bátìrì ṣe ń ṣe. Kí ó gbé e sórí tábìlì, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá sì rí owó, kí ó ra RAM 8 GB mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀wí:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Bátìrì ni lóòótọ́. Lánàá, tí a ní iná títí di aago mẹ́wàá alẹ́, mo tẹ ṣájà bọ̀ ọ́, mo bọ́ sí DirectX 11, mo sì pa HairWorks: fíréèmù 54, lójú ibi kan náà tó ti ń fún mi ní 22.

Mo dán òté 30 wò. Kò kọsẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá ń fi idà yẹra fún ọ̀tá, nítorí náà mo padà sí 60, mo sì lo 1600 lọ́nà 900. Òjìji ni mo fi sílẹ̀ bí Ẹ̀gbọ́n ará Ìkẹ́rẹ́ ṣe wí. Ní òru inú géèmù, mo wọ ilé kan tí fìtílà kan ṣoṣo ń jó nínú rẹ̀, òjìji àga sì nà gùn dé ara ògiri. Mo tún dúró wò ó.

Ìlú Novigrad nìkan ló ṣì ń kọsẹ̀ nínú ọjà, níbi tí èrò pọ̀ sí. Mo ti dín iye àwọn ènìyàn tó ń rìn káàkiri kù, ó sì ti kúrò ní 33 sí 41. RAM di ìparí oṣù.