"Ọmọlẹ́yìn Strauss" kọ́ ni ká máa pe neocon

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí àbá pé, ní Yorùbá, kí a máa pe àwọn tí Amẹ́ríkà ń pè ní neoconservative (neocon), ìyẹn àwọn olóṣèlú àti onímọ̀ apá ọ̀tún tó fara mọ́ kí Amẹ́ríkà máa fi agbára ogun yí ìjọba ibòmíràn padà, ní "ọmọlẹ́yìn Strauss". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbà á. Ẹjọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni orúkọ yìí ti bá wa dá.

Júù ọmọ Jámánì ni Leo Strauss. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1937, ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Chicago, ó sì kú ní 1973. Plato àti àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ ló gbájú mọ́. Ìgbà tí Amẹ́ríkà gbógun wọ Ìráàkì ní 2003 ni orúkọ rẹ̀ wá gba ẹnu kan. Akọ̀ròyìn Seymour Hersh kọ ọ́ lọ́dún náà pé akẹ́kọ̀ọ́ Strauss ni Abram Shulsky, ẹni tó ń darí ọ́fíìsì tó ń yẹ ìròyìn àṣírí nípa Ìráàkì wò ní Pentagon, ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, nígbà náà. Paul Wolfowitz, igbákejì mínísítà ètò ààbò nígbà náà, pẹ̀lú jókòó ní kíláàsì Strauss. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì méjì péré ni! Albert Wohlstetter, onímọ̀ nípa ogun átọ́míìkì, ló darí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pe àwọn neocon ní ọmọlẹ́yìn Wohlstetter?

N kò sọ pé kò sí okùn kankan láàárín Strauss àti àwọn neocon o. Irving Kristol, bàbá ìsàlẹ̀ àwọn neocon, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Strauss wà lára àwọn tó tún èrò òun ṣe.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún, esoteric writing, ló ká mi lára jù. Nínú ìwé kan tí Strauss tẹ̀ jáde ní 1952, ó ní àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ máa ń fi èrò wọn pamọ́ sáàárín ìlà nítorí inúnibíni. Ẹnìkan ní ká pe èyí ní "irọ́ ọlọ́gbọ́n". Ìdájọ́ ọ̀mọ̀wé Shadia Drury nìyẹn, ẹni tó ní Strauss ń kọ́ àwọn aláṣẹ láti tan aráàlú jẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé Catherine àti Michael Zuckert ta kò ó nínú ìwé wọn ní 2006. Ẹni tó bá gba ti Drury gbọ́, kó kọ ọ́ ní gbólóhùn, kó dárúkọ Drury sí i. Kó má fi í pamọ́ sínú ìtumọ̀. Bí a bá ní ká pè é ní "ẹ̀nà", ìyẹn náà kò bá a mu, torí ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀nà kì í gbọ́ nǹkan kan. Nínú ohun tí Strauss ń wí, gbogbo ènìyàn ló gbọ́ nǹkan, ẹni tó fara balẹ̀ ló gbọ́ ìyókù. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. "Ìkọ̀wé alábọ̀-ọ̀rọ̀" ni tèmi.

Ní ti neocon fúnra rẹ̀, "aláìfẹ́-àyípadà tuntun" kò ṣe é gbà. Ẹni tó ní kí wọ́n fi ogun lé Saddam Hussein kúrò lórí oyè kò sá fún àyípadà. "Tuntun" inú orúkọ náà, ti pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni: apá òsì nínú ìṣèlú ni Kristol àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó yà sọ́tùn-ún. Nítorí náà mo dábàá "aṣẹ̀ṣẹ̀yàsọ́tùn-ún". Ó kù síbì kan: William, ọmọ Kristol, kò yà láti ibì kankan, inú rẹ̀ ló dàgbà sí. Ẹni tó bá ní orúkọ tó gba bàbá àti ọmọ, kó mú un wá.